Àgbò Tí Wọ́n Ní Merle Kà Mọ́ Ọkọ̀

Wọ́n ní lọ́dún 1967, àgbò kan bá wọn sá ìje ọkọ̀ ní Wirrabilla, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé alápatà nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé ilé ọtí, àgbò ti ní nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Tó bá fi máa dé ìlú kejì, àgbò ti yà síbi tí wọ́n ti ń rọ epo, wọ́n ti bá a nujú, ó ti padà sójú ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan tilẹ̀ ń búra pé òun rí i tó bojú wẹ̀yìn kó tó yà sápá òsì, pé àwọn ọmọ Sydney gan-an kò mọ òfin ojú títì tó o.

Ibi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń fẹnu kò: Merle Tregenza, olórí àwọn tó ń ka iye ìyípo tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá sá, ló ka àgbò náà mọ́ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyípo tirẹ̀ fi fi ọ̀kan ju ti gbogbo ayé lọ, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ gba ife lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ kó gbé e fún ẹlòmíì.

Ẹ wo Merle nígbà náà: ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, fìlà òòrùn rẹ̀ ti ṣá débi pé kò sẹ́ni tó rántí àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, pẹ́ńsù sì wà létí ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù. Kò lọ́kọ, kò sì wá. Òun àti baba rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní oko àgùntàn lẹ́yìn odò. Tó o bá fẹ́ kí Merle bínú, má wulẹ̀ bú u. Ṣáà sọ pé nǹkan kan tó "bí ogójì." Á ní, "Bí ogójì ni ogójì, àbí ogójì ni ogójì?"

Ẹnu géètì àgùntàn ló ti kọ́ bí a ṣe ń kà. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí baba rẹ̀ kọ́kọ́ mú un dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí géètì, ẹran á máa tú jáde bí omi tó já odi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹran á gun orí ẹ̀ kọjá. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fojú kó wọn. Tó bá pé ọgọ́rùn-ún, oníkíkà á ké e sókè, "Ọgọ́rùn-ún!", ẹni tó dúró tì í á sì fọ̀bẹ gé àmì kan sára igi. Baba rẹ̀ kò kọ́ ọ ju òfin kan lọ: "Má wo ẹnu èèyàn o. Ẹran ni kó o wò."

Ọdún 1958 ni àwọn ọkùnrin Wirrabilla kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sá ìje yí òkè ìlú wọn po. Ọkọ̀ oko ni, mẹ́wàá péré. Láàárọ̀, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á dè é padà, wọ́n á fi gbé ìyàwó lọ sílé. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ní kó máa kà wọ́n, ẹni ńlá tó mọ̀wé. Nígbà tó di ìyípo kẹfà, ó ju ìwé sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ méjì ti sọnù, kí wọ́n lọ wo inú odò.

Merle jókòó sórí koríko lẹ́bàá ibẹ̀, ó ń jẹ mítì-páì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Wọn ò sọnù," ó ní. "Wọ́n ti fi ìyípo kan ṣíwájú àwọn tó kù ni. Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án. Ẹ máa wò ó, wọ́n ń bọ̀ báyìí."

Nọ́ńbà mẹ́rin yọ. Mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ fa pẹ́ńsù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ni Merle sì ti di oníkíkà.

Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìje yẹn ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Wọ́n ṣe ọgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́dún 1965, àwọn ará Sydney dé, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ ìje wọn wá, táyà rẹ̀ fẹ̀ bí ìrọ̀rí, mẹkáníìkì mẹ́fà wọ aṣọ kan náà bí akọrin ìjọ. Àwọn àgbààgbà ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọkọ̀ wo ló rẹ̀ tó báyìí tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n?" Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n pọ̀n wá náà ló gba ife, ó sì tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹ́rìn-ín sì dákẹ́.

Ọkọ̀ mẹ́wàá ti di méjìlélógójì. Nǹkan kan ṣoṣo tí kò tíì gbèrú níbẹ̀ ni àgọ́ onípákó tí Merle ti ń kà. Páànù orí rẹ̀ ṣì ń jò, àga rẹ̀ ṣì ń mì, obìnrin mẹ́fà sì ń kà níbẹ̀ lábẹ́ Merle, méje-méje ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìje náà pé kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa gbé nọ́ńbà ìyípo kọ́ sára pátákó, tí kò níí ní iṣẹ́ mìíràn. Nítorí pé alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Percy Hallam, ló ń gbé e kọ́. Ìyípo ọgọ́rùn-ún ni ìje náà, páànù pẹlẹbẹ ọgọ́rùn-ún ló sì wà, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára wọn; tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá ìlà funfun, á gbé èyí tó kàn kọ́ sórí ìṣó kí gbogbo èèyàn lè rí i, kí wọ́n sì lè rí fìlà rẹ̀ pẹ̀lú. Òun náà ló ń ju àsíá dúdú-funfun tí ìje bá parí.

Èsì ẹgbẹ́ ni pé, "A máa wò ó." Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wò ó.

Lọ́dún 1967 tí à ń wí yìí, ọmọ Wirrabilla kan wà tó lè bá Sydney fà á: Clarrie Voss, tó ń sin màlúù oníwàrà lẹ́yìn òkè náà, tó sì bá Merle jókòó ní tábìlì kan náà nílé ẹ̀kọ́. Nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ sí ìsìn. Kò lágbára tó ti Rex Dunstan, ọmọ Sydney tó ń wa nọ́ńbà méje, àmọ́ Clarrie mọ gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. Ó sì ti rí ọgbọ́n kan dá. Ife tó fi ń wọn wàrà ló fi wọn epo sínú ọkọ̀ náà: epo ìyípo ọgọ́rùn-ún, àti ìwọ̀nba tó lè gbé e padà dé àyè rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan lé e. Ẹrù tó bá fúyẹ́ ló ń sáré.

Ìje bẹ̀rẹ̀ lágogo méjìlá. Gbogbo nǹkan lọ geere títí dé ìyípo àádọ́ta, nítorí pé tó bá ti di àádọ́ta, ìyàwó Hallam a máa gbé tíì gòkè wá. Ní Wirrabilla, ilé lè máa jó, tíì ò gbọdọ̀ tutù. Ó gun àkàsọ̀ wá pẹ̀lú àwo ife lọ́wọ́ kan, àti àkàrà òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò lọ́wọ́ kejì. Kò síbi tó máa gbé àkàrà náà sí.

"Percy, jọ̀ọ́, ó ń jó mi lọ́wọ́!"

Hallam wòtún, ó wòsì, ó mú páànù tó kàn, ó tẹ́ ẹ lé orí eékún rẹ̀. "Gbé e síbí, ìyàwó mi."

Orí nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n to àkàrà náà sí, pẹ̀lú jáàmù.

Ìgbà yẹn gan-an ni àgbò yọ. Ó gba ihò ọgbà kan wọlé, ó rọra gun orí ọ̀dà, ó gba orí ìlà funfun kọjá bí ọba tó ń lọ sórí ìtẹ́, ó wọ inú igbó lápá kejì. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn hó yèè. Obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú àgọ́ fò dìde, Hallam náà fò dìde, ó fọwọ́ di àkàrà mú. Clarrie kọjá, Rex kọjá, kò sẹ́ni tó kọ́ nǹkan kan sórí ìṣó.

Merle nìkan ni kò dìde. Ọkọ̀ ló ń wò.

"Ọ̀gbẹ́ni Hallam, ẹ gbé mọ́kànléláàádọ́ta kọ́."

"Ó ń bọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ n jẹ èyí tán."

Clarrie tún yípo, ó tún kọjá. Ìgbà yẹn ni Hallam ṣẹ̀ṣẹ̀ nu jáàmù kúrò lára mọ́kànléláàádọ́ta, ó gbé e kọ́, inú rẹ̀ dùn.

"Méjìléláàádọ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ gbé kọ́ báyìí," Merle ní. "Ẹ ti fi ọ̀kan sílẹ̀."

"Merle, mu tíì ẹ."

"Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ ni mo wí!"

"Obìnrin yìí ò ní fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, kí ló wà nínú ìwé yín?"

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wo ìwé wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo pátákó. Ìwé méjì bá ti Merle mu, mẹ́rin ò bá nǹkan kan mu nítorí àgbò. Wọ́n fi ìrọ́bà pa á, wọ́n kọ ohun tí pátákó wí. Merle rí i bí wọ́n ṣe ń pa á. Kí lo fẹ́ ṣe fún ẹni tó gbójú kúrò lára ẹran, tó ń wo ẹnu èèyàn?

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìyípo mẹ́wàá-mẹ́wàá, Merle á pariwo, Hallam á sì dá a lóhùn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Ó ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ní ìyípo tó kẹ́yìn, Clarrie àti Rex jọ yọ láti ẹsẹ̀ òkè. Clarrie fi gígùn imú ọkọ̀ kan ṣíwájú. Ó kọjá ìlà funfun.

"Ọgọ́rùn-ún!" Merle ké e bí wọ́n ṣe ń ké e lẹ́nu géètì, ó sì fẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ó ti pé! Ẹ ju àsíá!"

Hallam ká àsíá sábẹ́ abíyá. Ó na ìka sí pátákó. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni, ọmọ mi. Ìwọ náà kà á."

Clarrie ò rí àsíá, ló bá tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé ẹ̀yìn òkè, epo tán. Ọkọ̀ ìyá rẹ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Rex Dunstan nìkan ló padà yọ, Hallam ju àsíá fún un tìlù-tìfọn, wọ́n gbé òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn.

Merle ò sunkún. Ó ṣí ìwé òfin ìje. Ó wà níbẹ̀ kedere: tí wọ́n bá ju àsíá pẹ́, ibi tí ìyípo ọgọ́rùn-ún pé sí náà ni ìje parí sí. Clarrie ló jẹ ife. Ṣùgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Clarrie dà?"

"Ó ti gba inú pápá lọ sílé," ẹnì kan ní. "Aago márùn-ún ti fẹ́ẹ̀ lù, ó ní màlúù ń dúró de òun."

Ṣé ẹ rí ayé Merle? Ẹni tó jẹ ife lọ fún wàrà.

Ó sáré. Ó gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ó ya ìbọ̀sẹ̀, ó gba inú ẹrẹ̀, fìlà rẹ̀ fò lọ, kò dúró mú un. Ó bá Clarrie lórí àpótí kékeré lábẹ́ màlúù, akoto ìje ṣì wà lórí rẹ̀.

"Clarrie! Ìwọ lo jẹ ẹ́!"

"Kí ni mo jẹ?"

"Ìje! Percy ju àsíá pẹ́. Ọgọ́rùn-ún ti pé nígbà tó o wà níwájú. Fọwọ́ síbí, kíá!"

Clarrie rò ó díẹ̀, wàrà ń dún ṣọ̀ṣọ̀ nínú korobá. "Abájọ tí epo fi tán. Mo ti ń rò pé mo wọ̀n ọ́n kéré ni."

"Clarrie Voss, fọwọ́ síwèé!"

"Dúró, bá mi di ìrù ẹ̀ mú ná, ó máa ń tàpá tó bá rí àlejò. Kò sí wàhálà, Merle. Á dáa."

"Kò ní í dáa! Kí ló máa sọ ọ́ di dáadáa?"

Ó di ìrù màlúù mú. Kí ló fẹ́ ṣe? Nígbà tí Clarrie ráyè nu ọwọ́, ọwọ́ náà ṣì tutù, táádà sì ṣàn sórí orúkọ rẹ̀ bí ẹkún. Merle já ìwé náà gbà, ó sáré padà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń ta á bí ata.

Hallam wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Áà, Merle," ó ní, ó sì káàánú rẹ̀ lóòótọ́, èyí tó tún dunni jù. "Ìṣẹ́jú mẹ́ta lo fi pẹ́. Jókòó. Jẹ́ n bu tíì fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ àgbò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹgbẹ́ jókòó lórí ìwé tó kọ, wọ́n béèrè ìdí tí kíkà tirẹ̀ fi yàtọ̀. Ẹnì kan fi ẹ̀rín sọ pé bóyá ó ka àgbò ọjọ́ yẹn mọ́ ọn, ṣebí àgùntàn ló mọ̀ kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ìdáhùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tí Merle bá wọ ilé alápatà, ẹnì kan á ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" lẹ́yìn òpó. Wọ́n so agogo àgùntàn mọ́ géètì ilé rẹ̀. Ó já a, wọ́n so òmíràn.

Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá. Ó lọ bá àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé wọn.

"Ẹ̀yin méjì ni ìwé yín bá tèmi mu. Mo fojú mi rí i."

"Merle, ọ̀rọ̀ yìí ti lọ. Ṣé nítorí ìyípo kan la máa fi bá Percy jà? Òun ló ń kọ́ ọmọ wa ní orin ìjọ."

Ó bẹ Clarrie pé kó bá òun sọ ọ́ nílé ọtí, kó ṣáà sọ bí epo ṣe tán. Clarrie ní òun á sọ ọ́. Ó dé ọ̀hún, wọ́n ra ọtí fún un, wọ́n ké bí àgbò, òun náà bá wọn ké. Inú rẹ̀ dára jù, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti Clarrie tún wá ń bá a dákẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, gbogbo rẹ̀ sì wá ń ru sókè nínú Merle nìkan.

Nígbà tí Ọdún Àjíǹde 1968, ìgbà tí ìje náà máa ń wáyé, kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta (ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì, Merle á ní kí n tún un kọ), ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i pé kó sinmi fún ọdún kan. Ìwé náà dára, wọ́n tilẹ̀ fi òdòdó tì í. Merle fi òdòdó náà fún àgùntàn jẹ.

Lọ́jọ́ ìje, ó jókòó sórí koríko lóde ọgbà, níbi tí wọ́n ti rí i lọ́dún 1958, ìwé lórí eékún, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ kà ni. Ó ti gbìyànjú kó má kà, ojú rẹ̀ ò gbà.

Ọmọbìnrin kan gun òkè náà wá bá a kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ó wọ aṣọ àwọn ará Sydney, aago mẹ́ta so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ka àgbò?"

Merle ò gbójú sókè. "Ìwọ náà gòkè títí débí wá ké mẹ̀ẹ̀?"

"Rárá o! Noeline Prout ni mí. Èmi ni mo máa ń ka ìyípo fún Rex. Ọkọ̀ nọ́ńbà méje nìkan ni mò ń kà, mi ò ka ẹlòmíì." Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ìwé pélébé tó ti ní àbàwọ́n epo. "Tọdún tó kọjá nìyí. Ó máa ń wù mí kí n fi hàn yín."

Merle gbà á. Gbogbo ìyípo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, àti bí Rex ṣe jìnnà sí ẹni iwájú tó. Ó fìka tẹ̀ lé e wálẹ̀. Ìka náà dúró.

"O mọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Láti ọdún kan. O mọ̀, o dákẹ́."

"Wọn ò bi mí, mà. Rex ni wọ́n bi, Rex ní inú ọkọ̀ lòun wà. Wọ́n bi ọ̀gá wa, ọ̀gá wa ní kí n pa ìwé dé. Kò sẹ́ni tó bi èmi tí mo kà á."

Merle wò ó títí. Ó fẹ́ gbá a létí, ó sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Kò ṣe méjèèjì. Ó dìde, ó gba géètì wọlé láìsanwó, ó gun àkàsọ̀ àgọ́ onípákó náà, ó tẹ́ ìwé náà síwájú Hallam láàárín gbogbo wọn.

Hallam wọ awò ojú. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó ní àkókò ẹ̀hónú ti kọjá, pé ife ti wà ní Sydney, pé orúkọ ti wà lára rẹ̀, kò sì sí bí òun ṣe lè yí i padà. Lẹ́yìn náà, ó dìde kúrò lórí àga tó ń mì yẹn, ó fà á sẹ́yìn fún un.

"Mi ò ní í jókòó," Merle ní. "Ẹ kà á sókè ná. Kí gbogbo àgọ́ yìí gbọ́."

Hallam gbé ìwé náà sókè. Ó ka ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé tí àwọn ará Sydney fọwọ́ ara wọn kọ: lọ́jọ́ náà, nínú ìje ìyípo ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ nọ́ńbà méje kọjá ìlà funfun ní ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.